Ìyá Ìjọ Tí Wọ́n Ní A Jẹ

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwa la jẹ ìyá ẹja. Mo fi ojú mi méjèèjì rí ìwé náà, èyí tó ń ríran dáadáa àti èyí tó ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Wọ́n ní àwọn opó méjìlá kan wà lẹ́bàá Emùré tí àwọn aláàánú gbẹ́ pọ́ǹdù ẹja fún kí ìṣẹ́ lè kúrò lára wọn, àmọ́ tí wọn kò lè mú ẹnu dúró, wọ́n se irúgbìn wọn jẹ, wọ́n sì lá ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi. Ó ń bí mi láàárọ̀ kí n tó jẹun, ó ń bí mi nírọ̀lẹ́ tí mo bá jẹun tán. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ tèmi sílẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú ẹja náà, èmi ni mo pa á, mo sì mọ ẹnu tí orí rẹ̀ wọ.

Jónà ni wọ́n sọ mí nígbà tí wọ́n sàmì fún mi. Àlùfáà tó fún mi lórúkọ náà kò mọ̀ pé ẹja ni n ó máa bá jà ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá sọ mí ní Pétérù, tó kéré tán, ẹni yẹn máa ń rí ẹja kó. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní oko ń pè mí. Oko kò sì gbà mí, odò ló gbà mí. Ìgèrè ni mo ń dẹ sínú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, apẹ̀rẹ̀ gígùn tí a fi ọwọ́ ọ̀pẹ hun, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹja á wọlé bí àlejò, kò ní mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde mọ́. Ọdún kan wà tí ẹja kan wọ ìgèrè mi, ó fa ìgèrè, ó fa èmi tí mo di ìgèrè mú, ó wọ́ wa gba abẹ́ afárá, a sì dé ààlà Ìsẹ̀ kí n tó ju okùn sílẹ̀. Àwọn obìnrin Ìsẹ̀ tó ń fọṣọ létí odò kí mi pé ẹ kú ìrìn, mo sì dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó lọ bi wọ́n léèrè. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, àmọ́ kó ṣáà lọ bi wọ́n.

Nígbà tí àwọn aláàánú dé tí wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹja, ojú gbogbo ìlú wò sọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin tí wọ́n rán sí mi wọ bàtà tó mọ́ ju àwo tí mo fi ń jẹun lọ. Kì í ṣe ará ibí, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni. Fọ́ọ̀mù kì í wọ́n lápò rẹ̀: fọ́ọ̀mù ẹni tó wá sípàdé, fọ́ọ̀mù ẹni tí kò wá, fọ́ọ̀mù tí a ó fi jẹ́rìí pé a ti gba fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù la sọ ọ́, ó gbọ́, kò bínú.

“Bàbá, ṣé ẹ ti sin ẹja rí?” ó bi mí.

“Èmi àti ẹja ti jọ wà tipẹ́.”

“Sísìn ni mo wí. Nínú pọ́ǹdù.”

“Ọ̀gá, ṣé ẹni tó ń fọ́lé ni kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ mi. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ara wọn.

Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ pọ́ǹdù sí ni ìjà wa ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Olórí àwọn opó náà, Yèyé Dúpẹ́, ní àkùrọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí omi kì í gbẹ níbẹ̀ bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Mo ní ibẹ̀ ni ilé ẹja. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù sọ̀kalẹ̀ débẹ̀, ẹrẹ̀ mú bàtà rẹ̀ kan, ó gòkè padà. Òkè lẹ́bàá títì ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kí ọkọ̀ lè dé ibẹ̀, kí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí sì lè hàn sí ẹni tó ń kọjá. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ ìfami kan tí yóò máa fa omi wá láti ìsàlẹ̀. Omi tó jókòó jẹ́ẹ́ ní àyè rẹ̀, wọ́n ní kó gun òkè wá kí ọkọ̀ wọn má bàa sọ̀kalẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù pé wọ́n ti gbọ́ mi.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn, oore ni wọ́n ṣe. Wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní àwọ̀n, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ẹja, wọ́n fún wọn ní ọmọ ẹja àrọ̀, èyí tó ní irùngbọ̀n bíi ti ológbò. Ẹni tí ebi ń pa tó ń bínú sí àánú, orí rẹ̀ ló dàrú. Àánú kọ́ ni mò ń bá jà.

Iṣẹ́ náà sì fojú mi gbolẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. A da ọmọ ẹja sínú pọ́ǹdù, wọ́n ń dínkù. N kò rí òkú, n kò rí egungun. Mo fura sí ẹyẹ, mo fura sí ejò, mo fura sí àna mi kan tó fẹ́ràn ọbẹ̀. Mo kọjá lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tó wá ń pa ọmọ ẹja tà. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń sọ Ìkẹ́rẹ́, èmi ń sọ Emùré, ẹja nìkan ló gbọ́ àwa méjèèjì yékéyéké.

“Jónà,” ó ní, “olè rẹ wà nínú omi. Ìgbà wo lo yà wọ́n sọ́tọ̀ kẹ́yìn?”

“Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ báwo? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.”

“Àrọ̀ kì í mọ ọmọ ìyá. Èyí tó bá fi orí tóbi ju èkejì lọ, ó ti rí oúnjẹ nìyẹn.”

Ó kọ́ mi pé lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni kí n máa kó wọn jáde, kí ńlá lọ sọ́dọ̀ ńlá, kí kékeré lọ sọ́dọ̀ kékeré. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé omi ti bàjẹ́, nígbà tí ẹja bá ń gbé ẹnu sókè bí akọrin tó ń wá ohùn. Ó sì kọ́ mi ní ohun tó ṣe pàtàkì jùlọ, òun ni bí a ṣe ń mú kí ẹja bímọ lọ́wọ́ ènìyàn. A ó gún abo lábẹ́rẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó fi aṣọ nù ún, a ó rọra fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á máa dà sínú abọ́ bí ọkà bàbà. Akọ kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ, pípa la máa ń pa á, ká tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀ lò. Nínú iṣẹ́ wa, akọ là ń pa. A kì í pa abo.

Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé èyí fún àwọn opó náà, Yèyé Dúpẹ́ wò mí, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yíká.

“Kí abo lè bímọ, akọ á kú?” ó ní. “Tiwa náà ni wọ́n ń wí yẹn, ẹ̀yin èèyàn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn míì nínú wọn nu ojú.

Yèyé Dúpẹ́ ló ní kí a ní ìyá ẹja tiwa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń wọ ilé rẹ̀ tó ń jáde láìjẹun. A máa ń ṣàwàdà pé olè tó bá wọ ibẹ̀ gan-an, yóò gbé e jókòó, yóò gún uyán fún un, ìyẹn iyán tí ẹ̀yin ará ibòmíràn ń pè, kó tó ké sí aládùúgbò. Ó ní, “Àwọn èèyàn yìí fún wa lọ́mọ ẹja lónìí. Tí wọn ò bá wá mọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń tọrọ irúgbìn lọ́dọọdún kò tíì di àgbẹ̀.” Ìdí nìyẹn tí a fi yan abo kan lára àwọn tó yára dàgbà, tí a kò tà á, tí a ń bọ́ ọ lọ́tọ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀.

Ìyá Ìjọ ni àwọn obìnrin sọ ọ́, torí ó sanra, ó rọra ń rìn, kì í sì yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹja náà tóbi o. Ó yí ara padà lọ́jọ́ kan, omi ta dé títì, ọlọ́kadà kan dúró, ó bi mí bóyá òjò ti kọjá níbí. Bí mo bá fi ọwọ́ kan bomi, á wá fi irùngbọ̀n kan mi lọ́wọ́, bí ẹní ń kí ọkọ àfẹ́sọ́nà. Mo ti sin ìyàwó mi, n kò sì fẹ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ikùn rẹ̀ ti wú, ẹyin ti kún inú rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ gba akọ lọ́wọ́ Tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ kí a lè tẹ ẹyin rẹ̀ jáde, nígbà tí Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù dé. Ó ní Màdáámù àgbà, olórí wọn láti òkè òkun, ń bọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin òní láti wá wo ohun tí wọ́n ṣe.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí,” ó ní. “Ẹ se oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó rí ẹja ńlá nínú àwo, kó mọ̀ pé pọ́ǹdù yìí ń so èso.”

“Ẹja ńlá wo?” mo bi í. “Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ní ká kó gbogbo ńlá tà, kí ẹ lè da tuntun sí i. Ohun tó wà nínú omi báyìí kò ju àtàǹpàkò mi lọ.”

“Bàbá, ẹ óò wá nǹkan ṣe sí i. Èkìtì lẹ jẹ́, a kì í kọ́ yín ní àlejò ṣíṣe.”

Ó lọ. Ó mọ ohun tó kù nínú omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán Ìyá Ìjọ tó fi ránṣẹ́ sókè òkun, pé ẹ wò ó, àwọn obìnrin wa ti ní ìyá ẹja tiwọn.

A ṣe ìpàdé. Mo ní kí a ra ẹja lọ́wọ́ Tíṣà. Yèyé Dúpẹ́ mi orí. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ènìyàn bá fún ọ ní ohun tí o gbìn, tó so, tó wá kí ọ, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ohun tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ni wàá fi ṣe é lálejò, kì í ṣe ti ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ ohun abẹ̀mí, orí rẹ̀ ni ti àgbà àlejò.

“Yèyé, irúgbìn wa ni ẹja yìí,” mo ní. “Tí a bá tẹ ẹyin rẹ̀ jáde, ọmọ rẹ̀ á kún pọ́ǹdù mẹ́rin.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n ra ti Ìkẹ́rẹ́. Ta ló máa dá a mọ̀? Ẹja jọ ẹja.”

“Jónà, ẹni tó ṣe mí lóore ló ń bọ̀ wá jẹun nínú ulé mi. O wá fẹ́ kí n fi irọ́ bọ́ ọ? Ẹja ẹlẹ́ja, kí n ní òun ló fún mi?”

“Wọ́n á béèrè ìyá ẹja.”

“Wọ́n á béèrè, a ó ní òun la fi ṣe wọ́n lálejò. Ṣé ẹni tó lójú àánú tó fi ti òkun wá síbí ni kò ní mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí?”

Ọgbọ́n àrékérekè ni mo wá dá. Mo gbé ìgèrè mi lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo ní kí n pa àrọ̀ odò, kí n yọ́ ọ sínú ìkòkò, kí Ìyá Ìjọ lè yè, kí Yèyé Dúpẹ́ má sì mọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi dẹ ìgèrè. Akàn kan ni mo rí, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tó ti fi ẹja wọ́ mi dé Ìsẹ̀ rí, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo fi ọwọ́ bomi, ó wá. N kò ní sọ èyí tó kù.

Àwọn àlejò dé nígbà tí oòrùn ti ń kanrí. Màdáámù jẹ́ ìyá àgbà kan tó ní irun funfun, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò ní ẹ̀tàn, n kò rí ohun tí mo lè fi bú u. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù yà sí ilé ìdáná kó lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó ṣí ìkòkò. Orí ẹja náà gba gbogbo ẹnu ìkòkò.

“Háà, èyí tóbi o. Èwo nìyí?”

“Ìyá Ìjọ ni,” mo wí. “Ẹ̀yin lẹ ní ẹja ńlá.”

Mo rò pé ó máa fi ọwọ́ lérí. Ó ní, “Bàbá, Màdáámù kì í jẹ orí ẹja. Ẹ bù ú sínú àwo tèmi.”

Wọ́n jẹun. Wọ́n jẹ uyán Yèyé Dúpẹ́, wọ́n jẹ ẹran ara Ìyá Ìjọ, wọ́n jẹ ẹyin inú rẹ̀ tí àwọn obìnrin dín lọ́tọ̀. Pọ́ǹdù mẹ́rin ni wọ́n jẹ tán ní ìjókòó kan. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù fa orí náà mu títí ó fi ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí fèrè. Màdáámù wá gbé ìwé kan jáde, àwòrán ẹja wà nínú rẹ̀, ó bi Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù ní nǹkan kan. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù yíjú sí Yèyé Dúpẹ́.

“Màmá, Màdáámù ní òun fẹ́ rí ìyá ẹja.”

Yèyé Dúpẹ́ kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ dán, inú rẹ̀ dùn. “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé òun ni wọ́n ń jẹ yìí. A ò ní ohun tó jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí a fi fún wọn.”

Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju ti ìwé kẹrin lọ, àmọ́ etí mi kò fọ́. Ohun tí ọkùnrin náà sọ fún Màdáámù ni pé àwọn obìnrin yìí ti pa á jẹ, pé òun ti kìlọ̀ fún wọn títí, wọn kò gbọ́. Ọ̀rá ẹja náà sì wà ní igun ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń wí i. Mo rí i bí ojú Màdáámù ṣe yí padà, bí ó ṣe rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

Mo ti dìde. Mo ti la ẹnu. Yèyé Dúpẹ́, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ kan orúnkún mi pé kí n jókòó. Ó ti rí i lójú mi pé mo fẹ́ bá àlejò jà, wọn kò sì tíì fọ ọwọ́. A kì í dójú ti àlejò nídìí oúnjẹ. Mo jókòó. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti ṣe nínú iṣẹ́ yìí, ìjókòó yẹn ló burú jù.

Kò pẹ́ tí ìwé fi dé. Ìwé náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e, ó gbé lọ́rì wá láti wá kó ẹ̀rọ ìfami, ó ní wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Mo dúró síwájú lọ́rì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orí yẹn dùn?”

“Bàbá, ẹ má bá mi fà á. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe.”

“Mo mọ̀. Ṣé ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà pé orí dùn? Torí mo wo ìwé yín láti òkè délẹ̀, n kò rí i níbẹ̀.”

Ó wo awakọ̀ rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Ó wá yọ fọ́ọ̀mù kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀nà kan wà. Bí àwọn obìnrin náà bá lè tẹ̀ka síbẹ̀ pé àwọn gbà pé àwọn ṣi ohun ìrànwọ́ lò, pé àwọn tọrọ gáfárà, wọn yóò fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn yóò sì tún wọn kọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ ronú sí i. Ẹja inú pọ́ǹdù òkè kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹ̀rọ náà.

Àwọn kan nínú wọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Opó kan tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́, kí ẹja má kú.” Kò sí ẹni tó lè bá a wí.

Yèyé Dúpẹ́ wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́ bí ẹní mọ̀ ọ́n kà.

“Ìgbà tí ọkọ mi kú,” ó ní, “àbúrò rẹ̀ gbé ìwé wá, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ kòkó tí èmi àti ọkọ mi jọ gbìn, inú ìka mi ló gbà lọ. Ọ̀gá, ẹ gbé ẹ̀rọ yín.”

“Màmá, ẹja yín máa kú.”

“Kí wọ́n kú, kí orúkọ wa yè.”

Ó gbé e lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹja náà kú lóòótọ́. Èyí tó kù, àwa arúgbó la fi báfù ru ú lórí sọ̀kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, níbi tí mo ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí láti ọjọ́ kìíní. Àwọn obìnrin náà fi ọkọ́ àti agbada irin gbẹ́ pọ́ǹdù tuntun, wọ́n wọ ẹrẹ̀ dé itan. Omi wá fúnra rẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá ẹja ló kù. Mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tíṣà. Kò bá mi kẹ́dùn, kò fún mi lówó. Ó bọ́ sínú omi, ó gbé abo kan tó dára fún mi.

“Fi sìn,” ó ní.

Gbogbo àgbẹ̀ mọ ohun tí ó wí. Bí ènìyàn bá ní ewúrẹ́, á fi abo kan fún ẹni tí kò ní, kó máa bá òun sìn ín. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in, bó bá kú, ẹkún àwọn méjèèjì ni. N kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ẹja sìn, àmọ́ Tíṣà ní kí ló dé, ṣé ẹja kì í bímọ ni? Nígbà tí ẹyin pa, tí ọmọ ẹja kéékèèké bo ìsàlẹ̀ omi bí ata gígún, a bù ú sí méjì, mo gbé ti Tíṣà lọ bá a. Fọ́ọ̀mù kankan kò sí láàárín wa.

Ìròyìn rìn. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù tún yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ayàwòrán dání. Ó ní Màdáámù gbọ́ pé àwọn obìnrin Emùré ti dìde padà, inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn kò já sí asán, kí wọ́n gbé ẹja lọ́wọ́ kí wọ́n ya wọ́n. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹja náà kò fẹ́ àwòrán. Kò tíì fẹ́ lọ. Ó jókòó síwájú ilé Yèyé Dúpẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gún uyán lọ́wọ́, tí òórùn ọbẹ̀ ti ń jáde.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Yèyé Dúpẹ́ dá a lóhùn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó fún un ní omi tútù nínú ife tó mọ́. Ó gún uyán rẹ̀ tán, ó dà á sínú àwo, ó dé e. Ó jókòó ti àwo náà, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, ayàwòrán rẹ̀ ń wo àwo. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n súnmọ́ ọn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n kí wa, wọ́n lọ.

Inú mi dùn, n kò ní tàn yín. Mo na ọwọ́ sí àwo. Ìgbà náà ni mo rí i pé ojú ọ̀nà ni obìnrin náà ń wò.

“Jónà,” ó ní, “ebi ń pa wọ́n. O ò rí ayàwòrán yẹn bí?”

“Yèyé, ẹ jẹ́ kó pa wọ́n. Ẹ gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe ni?”

Ó bu uyán méjì sínú ewé, ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ onídérí, ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà títì lọ kíákíá bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe lè gbé e tó. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ibẹ̀, eruku ọkọ̀ náà nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé oúnjẹ náà mọ́ àyà, ó ń wo ọ̀nà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ, a rí omi. Ẹja tí wọ́n jẹ, a rí òmíràn. Àmọ́ wọ́n sọ obìnrin yìí di ẹni tó jókòó ti oúnjẹ tí kò fún àlejò jẹ, ìyẹn ni n kò rí ẹni tó máa dá a padà. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a padà sílé, a jẹ ẹ́ ní tútù.